Gíńkò Tó Kọlà Lẹ́yìnkùlé Wa

Ara mi kì í balẹ̀. Láti kékeré ni. Ìyá mi máa ń sọ pé kí wọ́n tó gé ìwọ́ mi tán ni mo ti ń bojú wẹ̀yìn, bóyá ohun kan wà tí mo gbàgbé. Ilé ìwé gan-an kò rí mi mú mọ́lẹ̀: ìwé márùn-ún ni mo kà, mo rí i pé bẹ́ǹṣì tí wọ́n ń jókòó lé níbẹ̀ le ju ẹ̀kọ́ lọ, mo bá gba ojú fèrèsé jáde. Ẹ wá mú irú èèyàn bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e wá sí Atlanta, ẹ tì í mọ́ inú ilé tí gbogbo ará ibẹ̀ ti ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, ní àdúgbò tí kò sí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn àfi ajá àti ẹni tí ajá ń fà. Kí lẹ rò pé yóò ṣe?

Ọmọ mi obìnrin ló mú mi wá. Nọ́ọ̀sì ni. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ apoògùn, ọmọ tí wọ́n tọ́ yanjú. Títí dòní olónìí, ó ń dọ̀bálẹ̀ kí mi lórí kápẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ kó tó fẹnu kan kọfí. Union City la kọ́kọ́ gbé. Ní oṣù tí mo dé, mo tún gbogbo ilẹ̀kùn ṣe, èyí tó bàjẹ́ àti èyí tí kò bàjẹ́. Ọjọ́ tí mo tú ẹ̀yìn fíríìjì láti wo ibi tí òtútù ti ń jáde, ọmọ mi dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn.

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ wá nǹkan ṣe níta."

Mo wá a. Ilé ìkẹ́rù ńlá kan wà nítòsí, ó gùn débi pé òjò lè máa rọ̀ ní orí rẹ̀ kí oòrùn máa ràn ní ìdí rẹ̀. Wọ́n gbà mí sí ẹnu géètì: kí n wo nọ́ńbà tírélà, kí n gbé irin sókè, kí n sọ ọ́ kalẹ̀. Iṣẹ́ ẹni tó jókòó ni. Èmi kò jókòó. Láàárín tírélà kan sí òmíràn, mo ti yí ibi ìgbọ́kọ̀sí náà ká bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù. Ibẹ̀ ni mo ti rí igi náà.

Gíńkò lorúkọ rẹ̀. Wọ́n gbin mélòó kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kí ojú lè rí ohun tútù wò. Ewé rẹ̀ rí bí abẹ̀bẹ̀ kékeré, ó sì ní ìdìmú tín-ín-rín nísàlẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀ gẹ́lẹ́. Wọ́n ní irú igi yìí ti wà láyé kí èèyàn tó dé. Mo gbà, torí pé ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fọwọ́ gbá a lẹ́yìn, ohùn rẹ̀ jọ ti bàbá bàbá mi, ó ní kí n rọra. Lókè ọ̀kan nínú wọn, ẹ̀ka kan wà tí ewé rẹ̀ funfun lápá kan. Mo rò pé ìgbẹ́ ẹyẹ ni. Òjò rọ̀ lé e lórí, kò wẹ̀ ẹ́ kúrò. Mo bá gun igi, èmi àgbàlagbà, pẹ̀lú bàtà onírin tí wọ́n fún wa níbi iṣẹ́. Nígbà tí mo dókè tán, afẹ́fẹ́ kan tẹ igi náà ba títí tí orí mi fi dé ojú fèrèsé ọ́fíìsì ọ̀gá wa. Mo kí i, ó kí mi padà, igi náà sì gbé mi dìde. Ẹ má wulẹ̀ bi í léèrè, yóò sẹ́.

Kì í ṣe ìgbẹ́ ẹyẹ rárá. Ilà ni ewé náà kọ. Ìlà funfun, ìlà tútù bí ewé, ìlà funfun, láti ìdí títí dé etí, bí ẹni pé olóòlà kan jókòó ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kò sí méjì tó jọra: òmíràn kọ pélé, òmíràn kọ àbàjà, òmíràn sì pín sí méjì gédégédé, apá kan bíi wàrà, apá kejì bí ewé gbogbo. Mo já ọ̀kan sínú fìlà, mo sọ̀ kalẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni oorun mi ti dín kù.

Ẹni tó sọ ohun tó jẹ́ fún mi ni òyìnbó arúgbó kan tó ń wa tírélà wá láti Fayetteville. Irú àìsàn mi ló ń ṣe òun náà: ó ń kó gíńkò jọ sẹ́yìnkùlé rẹ̀ bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń kó aago jọ. Ó wo ewé náà, ó ṣí fìlà. Ó ní igi a máa ṣàdédé yí ẹ̀ka kan padà báyìí láìsí ẹni tó bẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí bí a ṣe lè fi hóró gbìn ín kó tún jáde bẹ́ẹ̀. Àfi kí a gé ọ̀pá lára ẹ̀ka yẹn nígbà òtútù, kí a gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, kí a fi í bọ inú ara gíńkò kékeré mìíràn tó ti ta gbòǹgbò, kí a dì wọ́n pọ̀ kí wọ́n lè di ara kan. Ó kọ́ mi lórí ìdúró, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ọkọ̀ rẹ̀. Mo ba àìmọye jẹ́ kí ọ̀kan tó mú.

Ká má fa ọ̀rọ̀ gùn, ilé ìkẹ́rù fẹ́ fẹ ibi ìgbọ́kọ̀sí, katapílà wọlé, wọ́n hú gbogbo gíńkò ibẹ̀ dànù. Òyìnbó mi fẹ̀yìn tì, ó kó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ mìíràn, nọ́ńbà rẹ̀ kò sì lọ mọ́. Bó ṣe di pé igi kan ṣoṣo tó kọ irú ilà yẹn láyé wà nínú ike kan ní bálíkónì wa nìyẹn. Bó bá kú, ó parí nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n ra ilé sí Loganville, èmi kò wo yàrá kankan. Ẹ̀yìnkùlé ni mo gbà lọ tààrà. Mo gbìn ín síbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń kàn án, tí ilé sì ń ṣíji bò ó lọ́sàn-án, nítorí apá funfun ara ewé kò lè gba oòrùn. Oòrùn ọ̀sán ibí á sun ún di rúmúrúmú. Ẹ̀ẹ̀rùn kan wà tó mú débi pé mo fojú ara mi rí ẹyẹ tó wọ ìbọ̀sẹ̀ kó tó bà lórí fẹ́ǹsì. Mo ra òmíràn kún tèmi: ọ̀kan tí ilà tirẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, ọ̀kan ràrá tí kò ní ga ju orúnkún lọ láéláé, ọ̀kan tí ewé rẹ̀ ká bí àrọ. Ike wọn kún ibi tí ó yẹ kí wọ́n ti máa yan ẹran. Èmi tí wọ́n ní kí n wá nǹkan ṣe níta, ìta kò gbà mí mọ́.

Mo tún nílò àwọn gíńkò kékeré lásán tí n ó máa di ẹ̀ka mọ́, mo bá ń lọ ṣa èso lábẹ́ abo gíńkò kan ní pákì. Ẹni tí kò bá gbóòórùn èso gíńkò rí, kó dúpẹ́. Irú tó ti bàjẹ́, tí wọ́n wá fi sínú ìbọ̀sẹ̀ sójà, kò tó o. Ọjọ́ tí mo bó o nínú síǹkì ilé ìdáná, aládùúgbò wa apá ọ̀tún pe àwọn tó ń tún páìpù ìdọ̀tí ṣe, ti apá òsì kó ẹbí lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì. Ọmọ mi fi ọwọ́ di imú.

"Daddy, nínú èso yìí àti ẹ̀yin, ọ̀kan gbọ́dọ̀ jáde."

Mo ní kó fún mi láyè kí n rò ó.

Ìgbà tí ewé bá sì fẹ́ wọ́, ẹ̀ẹ̀kan náà ni gíńkò ń wọ́ gbogbo rẹ̀, bí ìrì dídì bá ti lè bọ́. Mo jókòó tì í lọ́dún kan kí n má bàa pàdánù ìran náà, oorun gbé mi lọ. Nígbà tí mo lajú, òkùnkùn ewé pupa rẹ́súrẹ́sú ni mo rí, mo gbọ́ ohùn ṣọ́bìrì, àna mi ń ké pé, "Daddy, ẹ dáhùn, ẹ dáhùn sir!" Igi ọ̀hún kò tíì ga jù mí lọ nígbà yẹn.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ gidi tó wà nínú rẹ̀, ìṣọ́ ni. Igi tó kọlà kò fẹ́ràn ilà rẹ̀. Apá tútù ara ewé ló ń dáná fún igi. Funfun kàn jókòó tó ń jẹ ni. Nítorí náà, nígbàkígbà tí igi bá ń rúwé, yóò wá ọ̀nà láti yọ ẹ̀ka tí ewé rẹ̀ tutù látòkè délẹ̀, tí kò ní ilà kankan. Ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ á sanra, á yára, á ga, àwọn olílà á máa rù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí a kò bá tètè gé e, láìpẹ́ igi á gbàgbé pé òun kọlà rí. Iṣẹ́ àárọ̀ mi nìyẹn: mo mú sísọ́ọ̀sì, mo yí igi po, mo gé èyí tí gbogbo ayé ń pè ní dáadáa, mo fi èyí tó dà bí aláìsàn sílẹ̀.

Nígbà ìrúwé tó kọjá, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún mi. Awọ kan ti ń bò ó láti ọdún pípẹ́. Mo ti ń kí òpó iná "ẹ káàárọ̀ o," mo sì ń bínú pé kò dáhùn. Wọ́n yọ awọ náà, wọ́n fi ike bo ojú, wọ́n fi dígí dúdú lé e, dókítà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfin: má bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, má gbé ohun wúwo, má jáde sínú eruku, má jáde sínú oòrùn, sinmi. Sinmi! Ó ń sọ fún èmi.

Ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni gíńkò ń la ewé. Mo dùbúlẹ̀ ní yàrá, mo yí sọ́tùn-ún, mo yí sósì, mo dìde, ọmọ mi dá mi padà. Ó kán oògùn sí mi lójú, mo tún dìde. Mo ń gbọ́ bí àwọn ẹ̀ka tútù ṣe ń ga níta. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Mo ń gbọ́ ọ, ó ń ró kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ bí eku nínú àjà. Lọ́jọ́ Sátidé tí ọmọ mi lọ sí shift, mo ké sí àna mi.

"Ọkọ ọmọ mi!"

"Sir!"

"Sísọ́ọ̀sì mi wà ní gáréèjì. Lọ sí ìdí gíńkò ńlá yẹn. Gbogbo ẹ̀ka tí ewé rẹ̀ bá tutù dáadáa, tí kò ní ilà, gé e. Èyí tó bá ní funfun lára, má fọwọ́ kàn án."

Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà.

"Kí n gé èyí tó dáa, sir?"

"Gé e."

"Kí n wá fi èyí tó… tó ní funfun yẹn sílẹ̀, sir?"

"Kí o tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin."

"Yes sir. Ẹ má ṣèyọnu rárá, Daddy. Ẹ sinmi."

Láti orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti ń gbọ́ sísọ́ọ̀sì: ké, ké, ké. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ọmọlúàbí ni, kì í fi iṣẹ́ àgbà ṣeré. Ní ìrọ̀lẹ́, mo gbọ́ tí ọmọ mi dé, tó dúró lẹ́yìnkùlé, tó ní, "Háà, ẹ wo ẹwà!" Mo rò pé igi ló ń wò. Mo sùn bí ọmọ ọwọ́.

Ọjọ́ kejì jẹ́ Sunday. Ọmọ mi ní mo lè tẹ̀ lé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí n kò bá ní bọ́ dígí. Ìjọ wa wà nínú ṣọ́ọ̀bù ńlá kan tí wọ́n ti ń ta kápẹ́ẹ̀tì nígbà kan. Bí èèyàn bá kúnlẹ̀ dáadáa níbẹ̀, á ṣì máa gbóòórùn rẹ̀. Obìnrin kan ló ń tọ́jú òdòdó pẹpẹ. Aunty ni gbogbo wa ń pè é, àní èmi tí mo lè bí i, nítorí pé mo ń bẹ̀rù rẹ̀. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí kì í wá ohun tí ìjọ mìíràn kò ní.

A jókòó. Ẹnu ò gba ìròyìn ojú tuntun. Láti ọdún pípẹ́ wá, funfun tí mo ń rí, tíì oníwàrà ni. Mo wá rọra gbé dígí dúdú sókè díẹ̀ láti jí ayé wò, funfun sì jẹ́ funfun: kọ́là pásítọ̀, eyín àwọn ọmọdé, ògiri. Mo wo pẹpẹ. Nínú ìkòkò òdòdó kan tó ga, ẹ̀ka gíńkò ló wà níbẹ̀, ó kún bámú, gbogbo ewé rẹ̀ sì kọlà.

Ohun tó kọ́kọ́ gún mi ni owú. Ta ló tún ní irú rẹ̀? Ta ló ní tó pọ̀ tó báyìí tó lè gé e fi ṣe ọ̀ṣọ́? Ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Mo fi ìgúnpá ta ọmọ mi.

"Ta ló ni ewé yẹn?"

"Daddy, ẹ wọ dígí yín."

"Mo ní ta ló ni ín?"

"Ẹ̀yin kẹ̀! Ti gíńkò yín ni, èyí tí ẹ ní kí wọ́n gé. Ilẹ̀ ni mo bá a nígbà tí mo dé láti shift. Kò ṣeé dà nù, mo kó o sínú omi, mo gbé e wá fún Aunty láàárọ̀. Ṣé ẹ rí bó ṣe rí?"

"Gbogbo rẹ̀ nìyẹn?"

"Gbogbo rẹ̀ ni. Wọn ò ṣẹ́ ọ̀kan kù. Ẹ wo bí igi yẹn ṣe mọ́ tónítóní."

Mo wo àna mi. Ó wà láàárín àwọn tó ń fi àyè han èèyàn, ó wọ kóòtù. Ó rí i pé mò ń wo òun, ó tẹrí ba fún mi, ó rẹ́rìn-ín, bí ẹni tó ṣe oore tí kò fẹ́ kí wọ́n dúpẹ́.

N kò mọ bí mo ṣe fara dà á títí tí ìdúpẹ́ fi kàn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin, wọ́n ní kí ẹni tí Ọlọ́run ṣe fún jó síwájú. Mo jó. Mo jó ju ẹnikẹ́ni lọ, wọ́n ń pariwo pé, "Baba olójú tuntun!" Mo jó dé ìdí pẹpẹ, mo na ọwọ́ méjèèjì, mo gbá ìkòkò òdòdó mú. Kí n tó yí padà, ọwọ́ mìíràn ti gbá a mú lódì kejì. Aunty ni.

"Baba, níbo?" Ó ń rẹ́rìn-ín sí ìjọ, ẹnu rẹ̀ kò sì mì.

"Ilé."

"Ohun Olúwa lẹ fẹ́ gbé lọ sílé?"

"Olúwa ló ni gbogbo igbó Amẹ́ríkà, Aunty. Èmi, èyí nìkan ni mo ní."

"Ohun tó bá ti dórí pẹpẹ, Baba, a kì í sọ ọ́ kalẹ̀ kí wọ́n tó ṣe oore-ọ̀fẹ́. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Yóò ti kú."

"Kí ló máa kú? Ewé?"

Ó fà á, mo fà á. Mo fẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, òun náà fi tirẹ̀ síwájú. Àwọn akọrin rò pé ijó tuntun ni, wọ́n gbé orin náà sókè, gbogbo ìjọ dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún wa. Apá obìnrin náà le. Mo jó padà sí àyè mi lọ́wọ́ òfo.

Ìwàásù bẹ̀rẹ̀. Sùúrù Jóòbù ni pásítọ̀ mú. N kò bá Jóòbù jà, ṣùgbọ́n Jóòbù kò ní gíńkò. Iná ńláńlá wà lórí pẹpẹ nítorí àwọn tó ń wò wá láti orí fóònù, ooru rẹ̀ sì ń bọ́ tààrà sórí àwọn ẹ̀ka mi. Mo rí ewé tó wà lókè pátápátá bó ṣe tẹ̀. Mo bá dìde lọ tọ̀. Bí mo ṣe ń padà bọ̀, mo gba iwájú pẹpẹ, mo da omi inú ike mi sínú ìkòkò náà. Mo jókòó. Mo tún dìde lọ tọ̀, mo tún bu omi sí i. Obìnrin tó jókòó lẹ́yìn mi fọwọ́ kan ọmọ mi léjìká, ó ní ṣé wọ́n ti yẹ ìtọ̀ Baba wò? Bí pásítọ̀ bá ti sọ pé "ní ìparí," ọkàn mi á fò, òun á tún ṣí ojú ewé mìíràn. Mo gbàdúrà kí iná lọ. Ní Atlanta! Mo gbàdúrà pé kí wọ́n mú iná lọ bí wọ́n ṣe ń mú un lọ nílé wa, kí lámpù yẹn kú. Kò kú.

Kí "àmín" oore-ọ̀fẹ́ tó tán lẹ́nu wọn, ìkòkò òdòdó ti wà láàárín ẹsẹ̀ mi nínú ọkọ̀.

Àna mi ló ń wakọ̀. Mo ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ mi létí. Ọmọ mi ló sọ ọ́ fún un, ohùn rẹ̀ kéré: pé àwọn tó gé ni Daddy ní kó fi sílẹ̀. Ọkọ̀ náà yà bàrá sínú ilé epo kan. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn ọ̀dọ̀ mi, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ńtì, pẹ̀lú kóòtù rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ epo. Òyìnbó kan sáré wá, ó ń bèèrè bóyá kí òun pe ambulance.

"Daddy, ẹ dárí jì mí. Mo rò pé ojú yín ni. Mo ní lẹ́yìn gbogbo ọdún tí awọ ti bò ó, ohun tó tutù lẹ ń rí ní funfun, ohun tó funfun lẹ ń rí ní tútù. Mo ní tí mo bá ṣe bí ẹ ṣe wí, ojú yín á là, ẹ á rí i pé mo ti gé igi yín pa."

"O ò sì lè sọ ọ́ sí mi létí?"

"Kí n sọ fún yín pé ẹ ò ríran, sir?"

Ó kọ háà. Lóòótọ́, kí ni ìyá rẹ̀ ì bá sọ tó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ sí bàbá ìyàwó? Ó ti ṣe ohun tó rò pé ó wà nínú mi, ó fi ohun tí mo fẹnu sọ sílẹ̀, lójú tirẹ̀ ọ̀wọ̀ nìyẹn.

"Mo sì bi yín, sir. Mo bi yín lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà, Daddy… nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, ẹ ní ẹ rí ẹyẹ tó wọ ìbọ̀sẹ̀."

"Ó wọ̀ ọ́!"

"Yes sir."

"Dìde, jẹ́ ká máa lọ. Ewé ń kú."

Igi náà mọ́ tónítóní lóòótọ́, bí orí ọmọ tí wọ́n fá. Gbogbo ohun tó kù lára rẹ̀ ló tutù, kò sí ilà kan. Mo yí i po, dókítà tàbí kò sí dókítà. N kò rí ojú ilà kankan tó lè yọ padà.

Kò sí ẹni tó ń di gíńkò nígbà tí ewé ti là. Òtútù ni àkókò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ dúró dè? Àwọn gíńkò kékeré mi wà nínú ike, àwọn tí mo fi èso olóòórùn wọ̀nyẹn hù. Mo mú ọ̀bẹ, ṣùgbọ́n n kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo na ọ̀bẹ náà sí àna mi. Ó bọ́ kóòtù, ó fọ ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ po oògùn, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gáréèjì.

Ní ìdí ìdìmú ewé kọ̀ọ̀kan, ojú igi kékeré kan wà níbẹ̀ bí orí ọ̀pá ìṣáná. Mo ní kó gé e pẹ̀lú pẹ́lẹ́bẹ́ igi díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, kó dá irú ojú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sára èyí tó wà nínú ike, kó fi ojú igi náà bọ̀ ọ́, kó dì í yíká kí afẹ́fẹ́ má wọlé. Ó ba èyí tó kọ́kọ́ ṣe jẹ́. Ó ba ìkejì jẹ́. Lẹ́yìn náà ó di ẹ̀mí mú, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró bí ọwọ́ ère; èmi tí mo kọ́ ọ, n kò ṣe é mọ́ bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Bí mo bá ti sún mọ́ ọn jù, á ní, "Daddy, ẹ sinmi díẹ̀, sir." Mo ń rìn yí i ká. Ọmọ mi gbé oúnjẹ wá, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́. A fi ọ̀rá bo gbogbo wọn, a gbé wọn sí ibi tó ṣókùnkùn díẹ̀.

Bí a ṣe ń mọ̀ bóyá ó mú nìyí: a óò fi ìka kan ìdìmú ewé tó kù lára ojú igi náà. Bó bá já bọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, ojú igi náà wà láàyè. Bó bá gbẹ tó lẹ̀ mọ́ ọn, ó ti kú. Wọ́n ní kéèyàn má tètè fọwọ́ kàn án. Èmi ń fọwọ́ kàn án kí n tó fọ ẹnu. Èyí kú. Ìyẹn náà dúdú. Lójoojúmọ́, mo ń gbé ike kan kúrò láàárín wọn, ilẹ̀ gáréèjì ń fẹ̀ sí i. Àna mi ti ń sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ báyìí, kó tó kí mi, ọ̀dọ̀ ike ló ń kọ́kọ́ lọ. Mo lè gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí kò bá sọ nǹkan kan nígbà tó padà wọlé, mo mọ̀ pé òmíràn ti lọ.

Ó ku ọ̀kan. Mo fi ìka kan ìdìmú rẹ̀, ó já bọ́.

A gé orí gíńkò kékeré náà kí oúnjẹ lè lọ sínú ojú igi tuntun, a gbé e sábẹ́ àga kan lẹ́yìnkùlé kí oòrùn má rí i. Ó wú. Ó dúró bẹ́ẹ̀. Mo bá a sọ̀rọ̀, mo bú u, mo ní gbogbo ìran gíńkò ń wò ó. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ àárọ̀, ó la ewé kan tí kò tó èékánná, ó funfun báláú.

"Daddy!" Àna mi ń fò sókè. "Ó funfun! Ó funfun, sir!"

Mo jókòó. Ó ti funfun jù. Kò sí orí abẹ́rẹ́ àwọ̀ tútù kan lára rẹ̀, ewé tó bá sì funfun tán kò lè bọ́ ara rẹ̀. Bó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, yóò jẹ ìwọ̀nba tó wà nílẹ̀ tán, yóò kú. Ẹ̀ka tútù kan wà nísàlẹ̀ tí gíńkò kékeré náà yọ fúnra rẹ̀. Láìsí ìyẹn, kò sí ẹni tí yóò gbọ́únjẹ fún un.

"Ẹ̀ka ìsàlẹ̀ yẹn," mo ní, "fi í sílẹ̀."

Àna mi bojú wò mí.

"Èyí tó tutù yìí, sir?"

"Òun ni."

"Rárá, Daddy."

Ọmọ mi tó ń ka fóònù lẹ́nu ilẹ̀kùn gbé orí sókè. N kò gbọ́ "rárá" lẹ́nu ọkọ rẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ.

"Mi ò ní ṣe àṣìṣe lẹ́ẹ̀kejì, sir. Tútù la máa ń gé. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Ẹ ṣàlàyé fún mi kí n tó kúrò níbí."

Mo ṣàlàyé. Ó jiyàn. Ó ní ṣé kò ní jí oúnjẹ ti òkè jẹ? Mo ní yóò jí díẹ̀, kí a máa fi èékánná já orí rẹ̀ kó má ga. Ó ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Mo ní èmi ni. Ó ní ìyẹn kò tó. A dúró lórí ike kékeré yẹn, èmi àti àna mi, a ń pariwo mọ́ra wa bí ẹni tó ń dá ààlà oko, ọmọ mi sì ń wò wá, kò mọ ẹ̀yìn ta ni kó wà. Nígbà tó yá, ó gbà. Ó dọ̀bálẹ̀ fún iyàn tó bá mi jà, ó sì lọ síbi iṣẹ́.

Ewé kejì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́yìn ìyẹn, ó ká mọ́ra, kò fẹ́ là. N kò jókòó láti àárọ̀. Nígbà tí àna mi dé ní ìrọ̀lẹ́, ó ti ṣí díẹ̀, mo sì ti rí ohun tí mo rí. Mo pè é.

"Ìlà tútù kan wà ní ìdí rẹ̀. Ó tín-ín-rín bí òwú."

Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Mi ò rí nǹkan kan, Daddy."

"Ojú tèmi ti sàn. Tìrẹ ló kù."

"Ẹ jẹ́ kí n rí i fúnra mi, sir."

Ó tan iná fóònù, ó kúnlẹ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ ojú kan ilẹ̀ lábẹ́ àga. Ó pẹ́ níbẹ̀. Mo lọ dé ìdí fẹ́ǹsì, mo padà, mo tún lọ.

"Ó wà níbẹ̀, sir," ó ké láti ìsàlẹ̀. "Ó wà níbẹ̀."

Mo ní kó tún un wò dáadáa.